Dẹ̀ngẹ́ Ti Tutù

Ní Adó-Èkìtì níbí, tí ara ọmọ bá ti gbóná, a ti sọ àìsàn náà lórúkọ kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ibà ni. Àwa ọmọ ulé gan-an, lédè Èkìtì, á ní ubà ni. Tí orí bá ń fọ́ ọ, ibà ni. Tí ẹnu rẹ bá korò, ibà ni. Tí ọkọ bá dé láti ibi iṣẹ́ tí kò bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ rọra, ibà ló ń bọ̀ lára rẹ̀. Èmi ò ka ìwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti wo ibà sàn lára ọmọ tèmi àti ọmọ ọlọ́mọ, mo sì máa ń sọ ọ́ létí àwọn dókítà kí wọ́n má bàa rò pé àwọn nìkan ló wà láyé.

Àgbá rọ́bà ni mò ń tà ní àdúgbò Adébáyọ̀, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì, bókẹ́ẹ̀tì àti ọpọ́n ìwẹ̀. Omi ẹ̀rọ ìlú wa, bó bá wù ú á wá, bí kò bá wù ú á dákẹ́, nítorí náà kò sí ilé tí kò ní àgbá. Ṣùgbọ́n ará Èkìtì kì í ra àgbá lórí ìbúra. Ojú rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ rí i pé kò jò. Ohun tí mo ṣe ni pé mo bu omi kún àwọn tó wà níwájú ìsọ̀, wọ́n á wà bẹ́ẹ̀ láti oṣù dé oṣù, omi inú wọn á mọ́ gaara débi pé èèyàn lè fi wé gèlè. Oníbàárà bá dé, màá nawọ́ sábẹ́ wọn.

"Ẹ fọwọ́ kan ilẹ̀. Ṣé ó tutù? Ọkọ yín lè jò, àgbá tèmi kì í jò."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sanwó.

Obìnrin tí a jọ pín ògiri ní ẹ̀rọ ìlọta. Ìyá Aláta la máa ń pè é. Omi tó fi ń fọ ẹ̀rọ rẹ̀ ń ṣàn wọ gọ́tà tó wà níwájú wa, ó pupa, ó ń rùn, ó sì dùn mọ́ mi nínú, torí ó fún mi ní ohun tí mo fi ń bá a ṣeré láàárọ̀.

"Ìyá Aláta, ẹ̀fọn kan jáde nínú gọ́tà yín lánàá, ó wọ bàtà."

"Ẹ ò ṣe kí i? Oníbàárà yín ni, ó fẹ́ ra bókẹ́ẹ̀tì."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá ọjọ́ lọ. Ọmọkùnrin mi wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Àbújá. Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ọmọ Ìyìn-Èkìtì ni ìyàwó náà, tíṣà ni, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èmi máa ń bá a sọ tirẹ̀ mọ́ tèmi. Tí ilé ìwé bá ti parí, ọmọ náà á wá sí ìsọ̀ mi, á bọ́ bàtà, á ti ọwọ́ bọ inú àgbá títí dé ìgúnpá, á máa fọ́n omi sí ara rẹ̀. Mi ò lé e. Omi tó mọ́ ni, kí ló fẹ́ ṣe é?

Ọ̀sán kan ló gbé orí lé ẹ̀yìn kẹ́ẹ̀gì, tí kò ṣeré.

"Màmá àgbà, ẹ̀yìn ojú ń dùn mí."

"Ojú ò lẹ́yìn. Orí ló lẹ́yìn."

"Inú lọ́hùn-ún ni."

"Ta ló wà níbẹ̀ tó ń lù ọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì bú sẹ́kún. Mo fọwọ́ kàn án, ó gbóná bí ìdí ìkòkò. Ah, mo ti mọ iṣẹ́ mi. Mo se ewé dóńgóyárò, mo ra oògùn ibà ní kẹ́mísì, mo fi aṣọ tútù nù ún lára. Ìyàwó dé láti ilé ìwé, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sílé ìwòsàn."

"Kí wọ́n lọ fún un ní ibà mìíràn? Èyí tó wà lára rẹ̀ ò tó?"

Ó gba aṣọ tútù náà lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n oògùn ò ran ibà yìí. Eegun bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọmọ náà tó fi jẹ́ pé bí a bá gbé e ni yóò ké. Ojú rẹ̀ pọ́n, àyà rẹ̀ náà pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Nígbà tó yá, ìyàwó ò sọ fún mi mọ́. Ó kàn pọn ọmọ rẹ̀, ó sì jáde. Mo sáré tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìborùn lọ́wọ́ bí ẹni pé èmi ni mo dá a lábàá.

Nílé ìwòsàn, ọmọbìnrin kékeré kan ló wá bá wa, ojú rẹ̀ tútù bí ojú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé mẹ́wàá. Mo kí i dáadáa.

"O kú iṣẹ́, ọmọ mi. Dókítà dà?"

"Èmi nìyí, Màmá."

"Háà. Ṣé ìyá rẹ mọ̀ pé o wà níbí?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ wa, ó lọ, ó pẹ́, ó padà. Ó ní àwọn ò rí ibà nínú ẹ̀jẹ̀ náà rárá. Àyẹ̀wò mìíràn ló sọ ohun tó wà níbẹ̀.

"Dẹ́ńgè ni, Màmá."

"Kí ni?"

"Dẹ́ńgè."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí etí mi gbọ́. Dẹ̀ngẹ́ tí àwa mọ̀, ẹ̀kọ tó rọ̀ ni, èyí tí àwọn ìyá wa máa ń fún aláìsàn mu tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ bá há. Mo yíjú sí àwọn ìyá tó jókòó sórí bẹ́ńṣì pẹ̀lú ọmọ wọn.

"Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀kọ ló wọ ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi. Dókítà wo inú iṣan rẹ̀, dẹ̀ngẹ́ ló rí níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ṣíbí kó mú un wá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí obìnrin kan fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Dókítà náà yí ojú sí ògiri, mo rí èjìká rẹ̀ tó ń mì. Ìyàwó mi ń wo ilẹ̀.

Nígbà tí a ti rẹ́rìn-ín tán, dókítà sọ̀rọ̀. Ó ní ẹ̀fọn ló ń gbé àìsàn náà káàkiri, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀fọn tó ń gbé ibà. Ọ̀tọ̀ lèyí, ó ní àmì funfun lẹ́sẹ̀, ojúmọmọ ló sì ń jẹ èèyàn.

"Ó yé mi," mo ní. "Òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Ó ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, ó ń dé nírọ̀lẹ́."

Ẹ̀rín tún bẹ́. Ní ìlú tó jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ ń retí owó oṣù, ta ni kò ní rẹ́rìn-ín? Dókítà ní kò sí oògùn kan tó ń pa dẹ́ńgè. Omi ni, ìsinmi ni, kí a sì máa ṣọ́ ọmọ. Ó ní kí a má fún un ní oògùn ara ríro kankan tí òun ò bá fọwọ́ sí, torí àwọn kan wà nínú wọn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ya. Wọ́n fún wa ní bẹ́ẹ̀dì. A dúró.

Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kábàámọ̀ ẹnu mi nìyí, ẹ bá mi fara balẹ̀.

Òwúrọ̀ kan, mo jí lórí àga tí mo sùn lé, mo na ọwọ́ kan iwájú orí ọmọ náà. Ó tutù. Kò lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó tutù ni. Nínú èdè wa, ṣé ẹ ti rí i pé tútù la máa ń tọrọ? Kí ilé tutù. Kí ọ̀nà tutù. Kí Ọlọ́run fi tútù sí i. Ta ló lè gbọ́ pé ara ọmọ ti tutù kó tún máa wá ohun tí yóò bẹ̀rù kiri? Mo dìde láàárín wọ́ọ̀dù, mo pàtẹ́wọ́.

"Ẹ bá mi dúpẹ́! Dẹ̀ngẹ́ ti tutù! Dẹ̀ngẹ́ tútù la ó mu lónìí!"

Gbogbo wọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń gba omi lára rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Dókítà kékeré wá.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà tí ara bá wálẹ̀ báyìí gan-an la máa ń ṣọ́ wọn jù. Ẹ jẹ́ kó ṣì wà lọ́dọ̀ wa."

"Ọmọ mi, ara gbóná, ẹ ní ẹ̀ ń ṣọ́ ọ. Ara tutù, ẹ tún ní ẹ̀ ń ṣọ́ ọ. Ìgbà wo lẹ ó gbójú kúrò? Ìgbà tó bá lọ sílé ọkọ?"

"Màmá, ewu rẹ̀ kò tíì kọjá."

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ ò ní oògùn rẹ̀. Ẹni tí kò ní ọjà nínú ìsọ̀, kí ló ń dá oníbàárà dúró fún?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn lẹ́nu mi, àwọn tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì sì ní, "Òótọ́ ni màmá sọ." Ìyàwó mi fọwọ́ kan apá mi. Ohùn rẹ̀ kéré.

"Màmá, bóyá ká dúró díẹ̀—"

"Ta ló bí bàbá rẹ̀?"

Níwájú gbogbo èèyàn. Tíṣà tó ń kọ́ ọmọ ogúnlọ́gọ̀ ní ìwé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ká àwọn aṣọ kékeré náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó ṣe ń ká wọn ló dùn mí jù lónìí, torí ó ń na wọ́n tónítóní, bí ẹni pé wọ́n ní ibi tí wọ́n ń lọ.

Ìyàwó gba ilé ìwé lọ láti lọ gba ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, torí ó ti pẹ́ tí kò ti lọ síbi iṣẹ́. Èmi ò mú ọmọ lọ sílé. Ìsọ̀ ni mo gbé e lọ. Kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Mo fẹ́ kí Adébáyọ̀ rí mi. Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ dẹ̀ngẹ́ náà. Mo tẹ́ ẹní sáàárín àwọn àgbá, mo tẹ́ ọmọ sórí rẹ̀, àwọn èèyàn sì ń yà.

"Ẹ kú ewu o."

"Ewu ti tán. Dẹ̀ngẹ́ ló wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì ti tutù."

Mo sọ ọ́ fún oníkẹ̀kẹ́, mo sọ ọ́ fún ẹni tó wá ra ọpọ́n, mo sọ ọ́ fún ẹni tó wá bèèrè ọ̀nà Fájuyì tí kò tiẹ̀ mọ̀ wá rí. Ní gbogbo ìgbà tí mò ń sọ ọ́, ọmọ náà ń yí sọ́tùn-ún, ó ń yí sósì.

"Inú ń run mí, Màmá àgbà."

"Ebi ni. Oúnjẹ ilé ìwòsàn, ta ló ń yó?"

Mo rán èèyàn lọ ra ẹ̀kọ, mo pò ó mọ́ omi gbígbóná, mo ní kí a fi dẹ̀ngẹ́ lé dẹ̀ngẹ́ jáde. Ó mu díẹ̀, ó bì í. Ó tún bì, kò sí nǹkan nínú rẹ̀ mọ́. Mo ní kó sùn. Ó sùn bí ẹni tí kò fẹ́ sùn, ojú rẹ̀ là díẹ̀.

Ìyá Aláta ló pa ẹ̀rọ rẹ̀, tó nu ọwọ́ sí ara épúrọ́ọ̀nù rẹ̀, tó wá kí wa. Ó bẹ̀rẹ̀ síbi ọmọ, ó fọwọ́ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ ọmọ yìí."

"Ó tutù, àbí? Mo ti sọ fún yín."

"Ó tutù bí ẹja inú fíríìsà. Ẹ tún gbọ́, ó ń làágùn. Ẹ wo ètè rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, èyí kì í ṣe tútù ti àlàáfíà."

Ẹ̀jẹ̀ tíntín wà lára èrìgì ọmọ náà. Mo yanu. Mo fẹ́ sọ nǹkan, mo mọ̀ pé mo fẹ́ sọ nǹkan, ẹnu mi sì ṣí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá Aláta ò dúró gbọ́ ọ. Ó gbé ọmọ náà, ó dá kẹ̀kẹ́ dúró láàárín títì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé iwájú táyà ló dúró sí, ó sì fà mí wọlé bí ẹrù.

Inú kẹ̀kẹ́ ni mo ti pe ìyàwó.

"Ìyàwó, wá sílé ìwòsàn."

"Ṣé ẹ gbàgbé nǹkan síbẹ̀ ni, Màmá?"

"Wá ná."

Mò ń gbọ́ ariwo ọmọ ilé ìwé lẹ́yìn rẹ̀.

"Màmá, ṣé ọmọ mi wà láàyè?"

"Ó wà," mo ní. Mo wo Ìyá Aláta kó lè sọ fún mi bóyá òótọ́ ni mo sọ.

Dókítà kékeré rí wa lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú. Ó tọ́ sí mi, mo tiẹ̀ ń retí rẹ̀, torí ẹni tó bá bú mi, màá mọ ohun tí màá ṣe sí i. Kò bú mi. Ó gba ọmọ, ó ń sáré, ó ń pe àwọn nọ́ọ̀sì, wọ́n ń wá iṣan ní apá tó ti tín-ín-rín, iṣan ń sá fún wọn. Nígbà tí abẹ́rẹ́ wọlé tán tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán, ìyàwó mi ti dé. Kò wò mí. Ó gba apá òdì kejì bẹ́ẹ̀dì.

Mo bi dókítà léèrè bí ara tó tutù ṣe lè di èyí. Mi ò fi ṣẹ̀fẹ̀. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

"Màmá, gbogbo ọmọ la bí pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ nínú ara rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ yìí kì í bèèrè orúkọ àlejò. Tó bá ti rí àjèjì, á figbe ta, á dáná. Iná yẹn ni ara gbígbóná. Ohun rere ni, òun ni kì í jẹ́ kí àìsàn fi ilé wa ṣe ilé."

"Mo ń gbọ́."

"Ṣùgbọ́n kòkòrò dẹ́ńgè ní àrékérekè. Inú ẹ̀ṣọ́ yẹn gan-an ló máa ń wọ̀ sí. Ibẹ̀ ló ti ń bímọ. Ẹ̀ṣọ́ tó ti gbé e mì á tún máa kígbe pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn náà á dé, àwọn náà á máa kígbe. Nínú ara àwọn ọmọ kan, igbe náà máa ń pọ̀ jù. Ó máa ń dé ara iṣan ẹ̀jẹ̀, á mú kí ibi tí wọ́n ti rán an pọ̀ tú. Omi inú ẹ̀jẹ̀ á máa yọ́ jáde, á lọ dúró sínú ikùn. Ti ọmọdé tilẹ̀ máa ń yá ju ti àgbà lọ, torí iṣan wọn ò tíì gbó. Iṣẹ́ kí lẹ̀ ń ṣe, Màmá?"

"Àgbá ni mò ń tà."

"Ẹ ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Àgbá ló ń jò. Iná ti kú, ara ti tutù, kòkòrò náà gan-an ti ń lọ. Jíjò ló ṣẹ́ kù, òun ló sì ń pa wọ́n. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń jò, ọ̀pọ̀ ló ń sàn wẹ́rẹ́. A ò kàn mọ ẹni tí yóò jò, ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ẹ dúró."

"Ta ló wá ń pa á lára? Kòkòrò ni, àbí àwọn ẹ̀ṣọ́?"

"Kòkòrò ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, Màmá. Ṣùgbọ́n igbe àwọn ará ilé rẹ̀ ló pọ̀ jù."

Ìyàwó mi gbé ojú sókè nígbà yẹn, ó wò mí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn látìgbà tó ti wọlé. Mo wo omi tó ń kán nínú rọ́bà tí wọ́n so sókè, mo ń wò ó bí ẹni pé èmi ni mo ń kà á.

Dókítà tún bèèrè irú omi tó wà láyìíká ibi tí ọmọ ń ṣeré. Ẹ wo ohun tí ẹnu mi ṣe.

"Gọ́tà wà níwájú ìsọ̀ wa," mo ní. "Ó ń rùn."

Ìyá Aláta dúró sẹ́yìn mi. Épúrọ́ọ̀nù ata ṣì wà lára rẹ̀, òun ló sì gbé ọmọ náà wọlé.

"Kì í ṣe gọ́tà," dókítà ní. "Ẹ̀fọn yìí ò fẹ́ omi ẹ̀gbin. Omi tó mọ́ ló fẹ́, èyí tó dúró sójú kan tí ẹnikẹ́ni kì í dà nù. Inú àgbá, inú táyà, inú ike."

Ìyá Aláta ń wo àjà. Ọjọ́ tó yẹ kó bú mi nìyẹn, kó san gbogbo ẹ̀fọn tí mo ti wọ̀ ní bàtà fún un padà, ó sì ń wo àjà bí ẹni tó ń wá ibi tó ń jò níbẹ̀. Ara mi gbóná láti orí dé ẹsẹ̀. Mo ń dúró kí ẹnì kan sọ ọ́ kó tán.

"Omi òjò ni, Dókítà," ìyàwó mi ní. "Nǹkan pọ̀ láyìíká ilé tí òjò ń rọ̀ sí. A ó da gbogbo rẹ̀ nù."

Ó bò mí láṣìírí. Ohun tí mo sọ fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà ṣì wà láàárín wa, tútù bí ewé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já, ó sì na ọwọ́ kọjá lórí rẹ̀ bò mí. Ká ní ó tú mi fó ni, mi ò bá mọ ibi tí màá fi ojú sí. Báyìí, mi ò mọ ibi tí màá fi ara mi sí.

Nígbà tó yá mo pe oníṣẹ́ igi kan tó máa ń jókòó síwájú ìsọ̀ mi, mo ní kó da omi gbogbo àgbá yẹn nù. Ó ní, "Gbogbo rẹ̀? Kí lẹ ó wá fi han oníbàárà?" Mo ní kó dà á nù.

Lẹ́yìn èyí, ìdúró ló kù. Dókítà ti sọ ohun tí a ń dúró dè.

"Ìtọ̀ ni. Tó bá tọ̀, ó túmọ̀ sí pé omi ti ń padà sí ibi tó yẹ kó wà. Tí kò bá tọ̀…"

Mo ti tọrọ ọkọ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run rí. Mo ti tọrọ ilé alájà, mo ti tọrọ kí ọwọ́ tẹ ẹni tó jí kẹ́ẹ̀gì mi gbé. Mi ò tọrọ ìtọ̀ rí láyé mi. Ìjọ Àgùdà ni èmi, ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà mi wà lọ́rùn mi. Ọmọ Ìjọ Áńgílíkà ni ìyàwó, ó gbé orí lé etí bẹ́ẹ̀dì, ètè rẹ̀ ń lọ. A ò bá ara wa sọ̀rọ̀, ohun kan náà la sì ń sọ. Ìyá Mímọ́, jẹ́ kó tọ̀. Jẹ́ kó tọ̀ sílẹ̀, jẹ́ kó tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ìjọba, ibi tó bá wù ú ni kó tọ̀ sí. Àwọn tó wà nínú wọ́ọ̀dù ń wò mí, mo mọ̀ pé wọ́n ń retí ọ̀rọ̀. Obìnrin bẹ́ẹ̀dì kejì, ẹni tó sọ pé òótọ́ ni mo sọ, ní kí n wá jẹun. Mo ní mo ti yó.

Ilẹ̀ ń mọ́ nígbà tí ìyàwó dìde. Ó ti jókòó títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kú. Ó fẹ́ jáde lọ ṣan ojú.

"Màmá," ó ní, "ẹ bá mi dì í mú."

Ó gbé ọmọ rẹ̀ lé mi lẹ́sẹ̀, pẹ̀lú okùn omi àti gbogbo rẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá mo mí. Mo di ọmọ náà mú bí ẹni tó gbé ẹyin gba orí afárá. Ọwọ́ rẹ̀ ò tutù tó ti àná, tàbí mo fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ni, mi ò lè búra. Lẹ́yìn náà ni nǹkan tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kàn mí lórí itan. Mo rò pé okùn omi ló já. Mo wo okùn, kò já. Ooru náà ń tàn, ó wọ ìró mi, ó wọ yẹ̀rì, ó gba orúnkún mi, ó dé inú bàtà.

"Ó ti tọ̀!" mo ní. "Ẹ gbà mí o, ó ti tọ̀! Dókítà! Ìyàwó! Ó tọ̀ púpọ̀!"

Wọ́ọ̀dù jí. Ọmọ tó ń sùn bú sẹ́kún. Dókítà kékeré sáré wọlé pẹ̀lú abọ́ kan lọ́wọ́, ó wo abọ́, ó wò mí.

"Màmá, ẹ ò fi nǹkan gbà á? A fẹ́ wọ̀n ọ́n ni."

"Ìró mi ni mo fi gbà á. Ẹ wá fún un, kò sí èyí tó sọnù."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn, dókítà náà rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé abọ́ sílẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni mò ń sọ, mo fẹ́ kó fún un. Ìyàwó ti dé ẹnu ọ̀nà, omi ń kán lójú rẹ̀, mi ò mọ èyí tó jẹ́ ti ẹ̀rọ nínú rẹ̀.

Ariwo yẹn ló jí ọmọ náà. Ó la ojú, ó wo itan mi, ó rí ohun tó ṣe. Ọmọ tíṣà ni, a ti kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́.

"Màmá àgbà, ẹ má bínú. Mo tọ̀ sí yín lára."

Ó ń bẹ̀ mí. Nínú gbogbo èèyàn tó wà nínú ilé yẹn, òun ló ń bẹ̀ mí. Ìyá rẹ̀ ló bá mi dá a lóhùn.

"Wọn ò bínú, ọmọ mi. Wọn ò bínú rárá."

Ó gba ọmọ náà lọ́wọ́ mi, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀. Mo dìde, omi ń kán lẹ́sẹ̀ mi sórí ilẹ̀ wọ́ọ̀dù, mo dúró bẹ́ẹ̀ níwájú ìyàwó ọmọ mi.

"Ìyàwó mi," mo ní. "Ohun tí mo sọ fún ọ níwájú àwọn èèyàn wọ̀nyí…"

Ó ti ń tú ìborùn rẹ̀. Ó nà án yí mi ká, ó ta á ní kókó ní ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tó ń wọṣọ fún ọmọdé, ó sì fà á sílẹ̀ kó bo ibi tó tutù.

"Ẹ jókòó, Màmá," ó ní. "Ẹsẹ̀ yín ń gbọ̀n."

Mo jókòó.